Láti Ìjẹ̀bú-Igbó Dé Etí Ọ̀sà: Ọ̀nà Àwọn Tí Ìdájọ́ Lé Jìnnà

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Òkè-Sopẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Wọ́n ní: "Bí o bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún un pé mi ò tíì gba ayálégbé sí yàrá rẹ̀." Wọn kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tí kò mọ Ìjẹ̀bú-Igbó lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Abraham Adesanya Polytechnic wà nínú ìlú wa, Yunifásítì Olabisi Onabanjo sì wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ìrìn díẹ̀ sí wa. Kò sí yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà. Opó ni Màmá, owó ilé ni wọ́n sì fi ń jẹun. Síbẹ̀, yàrá kan wà nínú ilé náà tí ó ti ṣófo fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń gbá a, wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n sì ń tì í ní alẹ́.

Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ Màmá, ló ni yàrá náà. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń lọ. Ìwé tí ó fún un láyè láti ṣiṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìwé ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ òfurufú ní òru ọjọ́ kan. Ó balẹ̀ sí Ìkẹjà, ṣùgbọ́n kò wálé. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ẹlẹ́ja kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó sọ fún wa pé òun rí i ní Ìwópin, ní etí ọ̀sà, níbi tí ó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, tí ó sì ń tà á fún àwọn alájàpá. Àgbà wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo gbé àpò mi, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ìlú igi àti ti obì ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ọkọ̀ wa ti ń kọjá ní Ojówó àti Atìkorí ni òórùn igi tútù ń wọ inú ọkọ̀, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó kò jìnnà sí ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni a dé Òru. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé láti ọdún 1990 ni wọ́n ti dá àgọ́ kan sílẹ̀ ní Òru fún àwọn tí ogun lé kúrò ní Làìbéríà, kí àwọn ará Sàró tó wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kéde pé àgọ́ náà ti parí iṣẹ́, àwọn kan kò lọ. Wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò bá nílé mọ́.

Mo sọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtàn, mo sì fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ṣì ń gbé nítòsí ọgbà yunifásítì. Nígbà tí mo sọ ìdí ìrìn àjò mi fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ṣé o rántí iṣẹ́ àṣetiléwá wa lórí àwọn ọ̀daràn Gẹ̀ẹ́sì? Ayé ti yí po. Àwọn tó ń kó ọ̀daràn wọn dànù sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń kó tiwa padà báyìí." Mo rántí dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni mo sì ń rò títí mo fi dé etí omi.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí rẹ̀ ní ṣókí. Ní ọdún 1718, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tí ó sọ ọ́ di àṣà láti máa kó àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lọ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà. Ọdún méje, tàbí ọdún mẹ́rìnlá, tàbí títí ọjọ́ ikú ni ìdájọ́ náà máa ń jẹ́. Nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni wọ́n kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ṣe ju kí ó jí aṣọ tàbí ohun jíjẹ lọ. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dìtẹ̀ ní ọdún 1775, ọ̀nà náà dí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá kún inú àwọn ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lórí odò Thames, òórùn àti àìsàn sì gbòde níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí kì í ṣe Australia rárá. Etíkun tiwa ni. Ní ọdún 1782, wọ́n sọ àwọn ọ̀daràn kan di sójà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Cape Coast, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Gánà lónìí, láti máa ṣọ́ àwọn ilé olódi tí wọ́n fi ń ṣòwò. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, ebi pa àwọn mìíràn, àwọn kan sì sá lọ. Ọ̀gá wọn kan, Captain Kenneth Mackenzie, so ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ ẹnu ìbọn ńlá, ó sì yìn ín. Wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n wọ́n dárí jì í nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 1785, wọ́n tún pète láti kó ọ̀daràn dà sí erékùṣù kan láàárín odò Gáḿbíà, kí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Edmund Burke sọ ní ilé aṣòfin pé ìdájọ́ ikú ni, bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní orúkọ mìíràn. Ìgbà tí èyí kùnà ni wọ́n tó yan Australia. Ọkọ̀ mọ́kànlá ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 1787, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1788. Kí àṣà náà tó dópin ní ọdún 1868, nǹkan bí 162,000 ọ̀daràn ni wọ́n ti kó lọ síbẹ̀, sórí ilẹ̀ tí ó ní àwọn onílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Mo kúrò ní Àgọ́-Ìwòyè, mo wọ ọkọ̀ mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde. A gba ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Òrè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni a yà sí gúúsù, sí agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí olú rẹ̀ wà ní Abígi. Ẹni tí ó bá ti òkè Ìjẹ̀bú wá yóò mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Ilẹ̀ rọ̀, ọ̀pẹ àti igi ọ̀gọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́bàá àbàtà, afẹ́fẹ́ sì ní òórùn ẹja gbígbẹ. Àwọn ilé mìíràn dúró lórí òpó. Ọlọ́kadà tí ó gbé mi dé Ìwópin fi ibi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ bébà sí hàn mí. Wọ́n retí pé ilé iṣẹ́ náà yóò sọ ìlú náà di ńlá, ṣùgbọ́n igbó ń gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ọlọ́kadà náà ní: "Ibí là ń jókòó sí, à ń wo omi." Omi náà sì tó ohun tí à ń wò. Ọ̀sà Lẹ́kkí tẹ́ rẹrẹ títí ojú kò fi rí òdìkejì rẹ̀ dáadáa.

Ojú omi yìí, láti ọ̀sà yìí lọ sí ìhà ìlà oòrùn, ni ọ̀dọ́kùnrin Ìjẹ̀bú kan tí ń jẹ́ Òṣífẹ́kúndé ń gbà ṣòwò ní ọdún 1820. Ó ń lọ sí ìhà Wàrí ni àwọn Ìjọ́ ajalèlókun mú un, wọ́n sì tà á. Ọkọ̀ ẹrú gbé e dé Brazil, ó sì lò tó ogún ọdún níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ sí Paris, níbi tí ọ̀mọ̀wé Faransé kan, d'Avezac, ti bá a pàdé. D'Avezac bi í léèrè nípa ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: ọba, ọjà, ẹ̀sìn, ọ̀nà omi àti èdè. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1845. Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa Ìjẹ̀bú ni, láti ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè rẹ̀.

Òṣífẹ́kúndé kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ pé ọ̀kan náà ni òun àti ọ̀daràn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀daràn tí wọ́n dá iye ọdún fún lè mọ iye ọdún tí ó kù, ọmọ rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ẹrú kò ní ọdún tí ó ń kà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì yìí máa ń pàdé. Láyé òwò ẹrú, ìdájọ́ lè sọ ènìyàn di ọjà nílẹ̀ tiwa náà. Ẹni tí a bá dá lẹ́bi ọ̀ràn kan tàbí òmíràn, wọ́n lè tà á, kí ọ̀sà sì gbé e lọ. Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ tí wọ́n háyà láti kó àwọn ọ̀daràn lọ sí Australia ní ọdún 1790 jẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ti ń kó ẹrú. Irin tí wọ́n fi ń de ẹrú ni wọ́n fi de àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà lẹ́sẹ̀. Iye orí tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ni wọ́n gba owó lé lórí, kì í ṣe iye orí tí ó dé láàyè. Nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n kó, ó lé ní 250 tí ó kú lórí omi. Ní èdè tiwa, orúkọ kan náà ni a fi ń pe irin tí a fi ń de ènìyàn àti ilé tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́: ẹ̀wọ̀n. Èdè wa kò gbàgbé.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá di olórí wa, wọ́n mú àṣà náà wá pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kí ìlú gbàgbé, wọn a gbé e lọ síbi tí ó jìnnà. Wọ́n gbé Jájá, ọba Opobo, ní ọdún 1887, wọ́n sì kó o lọ sí erékùṣù St Vincent. Ojú ọ̀nà ilé ni ó kú sí ní ọdún 1891. Ní ọdún 1925, wọ́n rọ Ẹ̀ṣúgbàyí Ẹlẹ́kọ lóyè ní Èkó, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹlẹ́kọ kò gbà. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́ títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ níbẹ̀ sì sọ pé aláṣẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan òmìnira ènìyàn bí kò bá lè fi ẹ̀tọ́ tí ó ní lábẹ́ òfin hàn níwájú ilé ẹjọ́. Ẹlẹ́kọ padà sí Èkó ní ọdún 1931, ìlú sì tú jáde pàdé rẹ̀.

Mo rí Bọ̀ọ̀dá mi ní ìdí ọkọ̀ ojú omi kan. Ó wọ ṣòkòtò tí ó ká sókè dé orúnkún, ó ń ka èpìyà sínú agbọ̀n, obìnrin alájàpá kan sì ń bá a ka iye rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni kò kú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì padà sídìí agbọ̀n rẹ̀. Ìgbà tí obìnrin náà san owó rẹ̀ tán ni a lọ jókòó lábẹ́ òrùlé pákó kan. Ó ra ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja fún mi. Kò béèrè ohun tí mo bá wá. Èmi náà kò mọ bí n óò ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo sọ ohun tí mo ti ń rò bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè fún un. Mo sọ fún un pé wọ́n a máa fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ṣiṣẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ láìgba owó iṣẹ́, pé ẹni tí ó bá ṣàìgbọràn lè jẹ ẹgba àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún, pé wọ́n a sì tún kó àwọn tí ó bá tún dá ọ̀ràn lọ sí erékùṣù Norfolk, níbi tí ìyà ti le ju ikú lọ. Mo sọ fún un nípa William Cuffay, aránṣọ aláwọ̀ dúdú tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ẹrú, tí wọ́n lé lọ sí Tasmania ní ọdún 1849 nítorí pé ó jà kí àwọn òṣìṣẹ́ lè dìbò.

Ó ń fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè: "Àwọn tó parí ọdún wọn ńkọ́? Ta ló san owó ọkọ̀ tí wọ́n fi padà sílé?"

Mo ní ìjọba kì í san án. Ẹni tí kò bá rí owó tàbí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ kò lè padà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì padà mọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Ìjọba san owó ọkọ̀ tèmi. Èmi náà ò tíì délé."

N kò mọ ohun tí n óò fi dá a lóhùn. Mo sọ ti Mary Reibey fún un, ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tí wọ́n dá a lẹ́bi olè ẹṣin, tí wọ́n kó dé Sydney ní ọdún 1792, tí ó di oníṣòwò ńlá, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó 20 dọ́là Australia lónìí. Mo sọ ti Francis Greenway pẹ̀lú, ayàwòrán ilé tí wọ́n lé lọ nítorí pé ó yí ìwé. Àwọn ilé tí ó yà sì wà ní Sydney títí di òní. Wọ́n fi àwòrán tirẹ̀ náà sórí owó 10 dọ́là fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Ẹni tó yí ìwé, wọ́n fi í sórí owó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìlú tuntun nìyẹn," ni ó wí. "Gbogbo wọn ni wọ́n jọ dẹ́ṣẹ̀ débẹ̀. Ta ni yóò fi ta ni ṣe yẹ̀yẹ́? Òkè-Sopẹ̀n kì í ṣe ìlú tuntun. Wọ́n mọ iye tí Màmá tà kí n tó lọ. Wọ́n mọ ilẹ̀ tí ó tà."

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ obì ni, ní ọ̀nà oko bàbá wa àgbà. Ohun tí ó ń dì í lọ́nà nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ìtìjú gbèsè ni. Mo rántí Òṣífẹ́kúndé nígbà náà. D'Avezac fẹ́ ṣètò kí ó gba Sàró padà sílé, kí ó sì di òmìnira. Ṣùgbọ́n Òṣífẹ́kúndé ní ọmọkùnrin kan ní Brazil, ó sì yàn láti padà sọ́dọ̀ ọmọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ẹrú ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní yàrá ìkàwé, mo pè é ní òmùgọ̀. Ní etí ọ̀sà yẹn, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé ó kàn mọ ibi tí ẹni tí ń retí rẹ̀ wà ni.

Mo wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

"Màmá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò tíì gba ayálégbé sí yàrá yín."

Kò wò mí. Ó ń wo omi. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ."

Mo rí i tí ó ń ṣírò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjẹ̀bú. Owó ilé ọdún mẹ́rin, láyé tí owó yàrá ń lọ sókè lọ́dọọdún. Ó ṣí ẹnu, ó sì pa á dé. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màmá? Tí wọ́n ń gba owó omi lọ́wọ́ àwọn ayálégbé?"

"Àwọn náà ni."

Ó dìde, ó lọ sí etí omi, ó sì bọ ọwọ́ tí ó kún fún ìpẹ́ ẹja sínú rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀ oòrùn, àwọn apẹja kan sì ń ká àwọ̀n wọn. Mo ti ń rò pé n óò dá nìkan padà, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún Màmá, ni ó bá yíjú.

"Ìgbà wo ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń kúrò ní Abígi?"

Mo ní bí a bá yára, a óò bá a.

"Jẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ. Kí o sì bá mi yan èpìyà tó tóbi níbẹ̀ yẹn. Màmá kì í jẹ kékeré."

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó kọjá ní Òru. Iná ń jó ní àwọn ilé tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, n kò sì lè mọ èwo nínú wọn ni ti àwọn tí ó wá láti Làìbéríà tí kò padà. Bọ̀ọ̀dá mi gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé orúnkún. Nígbà tí a wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì lè ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo ní n kò mọ̀. Ó fi ọwọ́ sí àpò, ó sì mú un jáde. Ó ti gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé e wọ ẹ̀wọ̀n, ó gbé e jáde, ó sì gbé e dé etí ọ̀sà. Ó ṣí i.